Ọ̀pẹ Tí Wọ́n Fín Sí Mi Lápá Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ mi wọlé dé láti Ìbàdàn lóṣù tó kọjá, ó wé ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ apá. Mo ní kí ló ṣe é, ṣé iná jó o ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, táátù ni." Ó ṣí i fún mi wò. Òdòdó kékeré kan ni wọ́n fín síbẹ̀, ara ibẹ̀ pọ́n, ó ń dán fún òróró. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀, ooru ló ń dà á láàmú, pé ẹni tó fín in ní kó má jẹ́ kí oòrùn pa á, kó má jẹ́ kí òógùn dúró sí i, kó má sì fi èékánná họ ọ́. Mo ní háà! Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un yìí, kò sí èyí tí etí mi kò gbọ́ rí. Ni mo bá ká apá bùbá mi sókè. Láti ìgbà náà ni gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí ti ń bi mí ní ìbéèrè, tí mo ń sọ pé ẹ jẹ́ kí n ráyè. Ó dára, mo ti ráyè. Ẹ sún mọ́ mi, ohùn mi kò gòkè mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kóló là ń pè é nígbà náà. Ẹ má fi í wé ilà ojú o. Ilà ojú, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, kò sí ẹni tó bi ọmọ léèrè. Ṣùgbọ́n kóló, ọmọbìnrin tó ti dàgbà, tó kù díẹ̀ kó relé ọkọ, ní í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ jókòó síwájú olóòlà. Wọn a fi abẹ ṣín in lára wẹ́wẹ́, wọn a fi dúdú ìdí ìkòkò ra ojú rẹ̀. Bó bá jinná tán, a dúdú bíi kóró iṣin, a sì ga díẹ̀ bí èèyàn bá fọwọ́ pa á. Àwọn kan a fín alángbá, àwọn mìíràn a fín ejò. Ẹni tí kò bá lè fara dà á, tó sá dìde kí iṣẹ́ tó parí, orin ni wọn yóò fi kọ. Wọn a ní ṣé ẹni tí kò lè gba abẹ ni yóò lè rọbí?

Ìyá tó bí ìyá mi ló tọ́ mi. Ìyá Àgbà ni gbogbo agbo ilé ń pè é. Ìyá mi ti kú nígbà tí mo wà ní kékeré, n kò rántí ojú rẹ̀ mọ́. Apá òsì rẹ̀ nìkan ló kù lọ́kàn mi. Ọ̀pẹ kan wà níbẹ̀, igi rẹ̀ dúró ṣánṣán, imọ̀ rẹ̀ tàn sọ́tùn-ún, ó tàn sósì. Mo máa ń fi ìka tọ àwọn imọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá gbé mi lé ẹsẹ̀. Ní ti bàbá mi, ẹ̀bá ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́lé sí, alàgbà ìjọ ni. Ó fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n kò pa mí tì. Bó bá tọko bọ̀, yóò yà, yóò já iṣu sílẹ̀, yóò bi mí ohun tí mo kọ́, yóò sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀ púpọ̀.

Ní nǹkan bí ìgbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni èmi di àfẹ́sọ́nà. Sámúẹ́lì lorúkọ ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n sí Bàbá Àgbà. Télọ̀ ni. Ìgbájọ ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì ti padà wálé, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kan kalẹ̀ sí ìyẹ̀wù ilé wọn. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó rọ̀ dáadáa, ni ìgbéyàwó wa.

Ẹ̀yin ò mọ Ìlá, ìlú wa yìí, nígbà náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lẹ́ẹ̀rùn, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni òkúta tí ń fọ́ èkùrọ́, kọ̀, kọ̀, kọ̀, láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn adẹ́mu á máa bọ̀ látoko, igbà ìgùnpẹ wọn ní èjìká, kèrègbè ẹmu á máa hó lọ́wọ́ wọn. Ìyá Àgbà á ti jókòó sídìí òfì rẹ̀ tó gbé ti ògiri, á máa hun kíjìpá, á máa gbá a, gbà, gbà. Òfì yẹn ni mo máa ń gbọ́ tí mo fi ń mọ̀ pé ayé ṣì wà bó ṣe wà. Lónìí, ariwo ọ̀kadà ló kún gbogbo ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ òróró, ó di inú ike. Ẹni tó bá fẹ́ aṣọ, ó di ọjà. N kò sọ pé kò dára o. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Ìgbà ọyẹ́ ló yẹ kí wọ́n fín kóló. Ọyẹ́ máa ń mú ara tutù, eṣinṣin kì í sì pọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, Baba Olóòlà tó máa ń ti Òkè-Ìlá wá kò tètè dé. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. A retí rẹ̀ títí ọyẹ́ fi lọ, tí oòrùn tó máa ń ṣáájú òjò bẹ̀rẹ̀ sí jó ilẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀. Odò fà, ilẹ̀ là, ewúrẹ́ ò kúrò lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bóyá a ó fi í sílẹ̀. Ìgbà náà ni Baba Olóòlà yọ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá, tó ń tiro.

Bàbá mi ti sọ tirẹ̀ ṣáájú. Ó ti wá bá Ìyá Àgbà pé ìjọ kò fẹ́ kóló, pé bó bá jẹ́ ẹwà là ń wá, kí wọ́n kùn mí ní bùjé, èyí tó ń ṣí kúrò lára fúnra rẹ̀. Ìyá Àgbà ń bá òfì rẹ̀ lọ. Nígbà tí bàbá mi lọ tán, ó pè mí sídìí òfì.

Ó ní, "Àbẹ̀jẹ́, bùjé kì í pẹ́ lára. Bí o bá wọlé ọkọ láìní nǹkan lápá, wọn kò ní í sọ pé bàbá rẹ ni kò fẹ́. Wọn yóò ní ọmọ tí kò níyàá ni, kò rí ẹni ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣé o fẹ́ ọ̀pẹ ìyá rẹ, àbí o kò fẹ́?"

Mo ní, "Mo fẹ́ ẹ, Ìyá."

Òtítọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí.

Àárọ̀ kùtù ni wọ́n fín in, kí oòrùn tó yọ. Mo jókòó lórí ẹní, mo gbé apá lé àpótí, Ìyá Àgbà dì mí mú láti ẹ̀yìn. Baba Olóòlà kọ́kọ́ fi èédú ya ọ̀pẹ náà, ó wò ó, ó nù ún, ó tún un yà. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní, "Má wo abẹ, ọmọ mi. Wo ẹnu ọ̀nà, kó o máa ka àwọn adìyẹ tó ń kọjá." Ẹ gbọ́, n kò ka adìyẹ kankan. Bí abẹ bá ti kàn mí, gbogbo ara mi á le bí igi. Mo ki etí ìró mi bọ ẹnu, mo di eyín mọ́ ọn. Ìgbà tó dé orí àwọn imọ̀, tí wọ́n tín-ín-rín, tí wọ́n sì pọ̀, mo rò pé n ó dìde. Ìyá Àgbà rọra sọ sí mi létí pé, "Ibi tí ìyá rẹ ti sunkún nìyí. Bí o bá fẹ́ sunkún, sun ún." Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sunkún.

Nígbà tó parí, Baba Olóòlà bọ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi, ó ní, "Ọwọ́ tèmi ti ṣe tirẹ̀. Ìyókù di ọwọ́ yín. Ẹwà ò sí nínú abẹ, inú ìtọ́jú ló wà."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí kà á fún wa. N kò gbọdọ̀ rìn nínú oòrùn. N kò gbọdọ̀ dáná, kí èéfín má bàa fẹ́ sí i. N kò gbọdọ̀ ru omi, n kò gbọdọ̀ hunṣọ, n kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ kankan tí yóò jẹ́ kí n làágùn. Kí wọ́n máa kán omi ìgbín sí i láràárọ̀, kí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ pa á ní àdín. Bó bá ń yún mi, kí n gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí n má họ ọ́. Ó wá gbé ìka sókè, ó ní, "Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí aṣọ má bò ó. Ẹ jẹ́ kó máa mí."

Ìtọ́jú ara nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ohun kékeré. Níbo lẹ ti fẹ́ rí ìgbín nígbà tí ìgbín ti wọlẹ̀ lọ sùn? Ìyá Àgbà ní díẹ̀ tó ń sìn nínú ìkòkò tó fi yanrìn tútù sí, ó máa ń wọ́n omi sí i nígbà tí àwa fúnra wa ń wá omi mu. Ìwọ̀nba ìgbín yẹn náà, ewúrẹ́ kan wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lá àdín inú àwo gbẹ, ó fi ìwo ti ìkòkò ṣubú. Ẹ bá rí èmi àti Ìyá Àgbà bí a ṣe ń wá ìgbín kiri abẹ́ ibùsùn, tí èmi ń rá kòrò pẹ̀lú apá kan, tí mo gbé èkejì sókè bí ẹni tó fẹ́ búra. A rẹ́rìn-ín díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni mo ń wo apá mi. Gbogbo ìgbà ni mò ń wò ó. Bí eṣinṣin bá kọjá, àyà mi á já. Àwọn àgbà ní eṣinṣin tó ń tẹ̀lé elégbò, yíyó ní í yó. Ewé ni mo fi ń lé wọn láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, ọwọ́ á ro mí, mi ò ní í dúró.

Ó ń jinná o. Ẹ̀jẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dá. Ká ní kò sí ṣọ́ọ̀ṣì ni, bóyá ìtàn tí n ó sọ fún yín ì bá yàtọ̀.

Wọ́n ti ń ka orúkọ èmi àti Sámúẹ́lì ní ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, kí ẹni tó bá ní ohun tó lè dí ìgbéyàwó wa lọ́wọ́ lè sọ ọ́. Dandan ni kí àwa méjèèjì wà níbẹ̀. Bàbá mi ló sì ń jókòó níwájú pẹ̀lú àwọn alàgbà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé apá tó ní kóló tútù wọ ṣọ́ọ̀ṣì? Ìyá Àgbà ronú títí, ó tọwọ́ bọ inú àpótí, ó mú ẹ̀wù alápá gígùn kan jáde. Ó ní, "Wọ èyí. Ìsìn kò lè pẹ́ títí kó má parí."

Ìsìn ọjọ́ náà pẹ́. Abẹ́ páànù la wà, kò sí afẹ́fẹ́, èèyàn kún débi pé èjìká ń ha èjìká. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn mi, ó ń ṣàn wọ inú apá ẹ̀wù. Mo ń gbọ́ ìwàásù, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ohun tí mò ń gbọ́ ni apá mi bó ṣe ń gbóná, tó sì ń ta mí bí ata. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ wa, mo dìde, bàbá mi sì bojú wẹ̀yìn wò mí. N kò mọ̀ bóyá ó rí nǹkan. Ilẹ̀ ni mo tẹjú mọ́.

Nígbà tí a délé, ẹ̀wù náà ti lẹ̀ mọ́ apá mi. Àdín àti òógùn àti omi ara ti so wọ́n pọ̀. Ìyá Àgbà fi omi rẹ ẹ́, ó rọra fà á, kò bọ́. Ó tún rẹ ẹ́. Nígbà tó fi máa bọ́, ó bọ́ pẹ̀lú èépá tó ti gbẹ sójú rẹ̀. Mo kígbe. Ìyá Àgbà kò kígbe, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni apá náà ti ń wú. Igi ọ̀pẹ kò ṣe nǹkan kan, àwọn imọ̀ apá ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n wú, wọ́n sì ń dán, ojú wọn pa pọ̀, n kò lè mọ ibi tí ọ̀kan ti parí mọ́. Ìyá Àgbà fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ó fi ewé lé e, ó ń sọ pé yóò rọlẹ̀. Bó bá ti sọ ọ́ tán, yóò tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi. Ó ti pa òfì tì. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn, àní ju ìrora lọ. Mo jí láàárọ̀, òkúta àwọn tó ń fọ́ èkùrọ́ ń dún, òfì kò dún. Mo bojú wo ẹ̀yìn, mo rí i tó jókòó ti ògiri, ó káwọ́ lérí. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló ti sin. Ta ni mo fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí?

Báyìí ló rí nígbà tí Sámúẹ́lì dé, téèpù lọ́rùn, ó wá wọn ẹ̀wù ìgbéyàwó. Ó kí Ìyá Àgbà, ó dọ̀bálẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Mo fi ìró bo apá. Ó wọn èjìká, ó wọn apá ọ̀tún.

Ó ní, "Na apá òsì."

Mo ní kó fi ti ọ̀tún ṣe é, ṣebí ọgbọọgba ni.

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò sí apá méjì tó dọ́gba, Àbẹ̀jẹ́. Iṣẹ́ mi ni mo mọ̀ yìí. Nà án."

Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan ìró yẹn, mo pariwo. Ó ṣí i. Téèpù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó wò ó, ó wò ó, ó bi mí, "Ta ló ṣe èyí sí ọ lára?"

Mo ní, "Ti ìyá mi ni."

N kò mọ bí mo ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yé e. Ó dìde, ó ní òun ń lọ pe Bàbá. Mo dì í láṣọ mú, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní bàbá mi yóò bínú, yóò bá Ìyá Àgbà jà, bóyá yóò ní kí ìgbéyàwó má wáyé mọ́. Ó wo ojú mi, ó ní, "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìbínú Bàbá, làpálàpá ni. Ohun tó wà lápá rẹ yìí ni ẹ̀tẹ̀." Ó yọ aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sáré jáde.

Ìdúró tí mo dúró títí bàbá mi fi dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ní kí n sọ ọ́. Mo ń gbọ́ gbogbo kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá.

Bàbá wọlé, kò bọ́ fìlà. Ó wo apá mi. Ó wá kọjú sí Ìyá Àgbà, ó ní, "Ìyá, ẹ ò sọ fún mi."

Ìyá Àgbà ní, "Bí mo bá sọ fún ọ, ṣé ò bá gbà?"

"N kì bá tí gbà."

"Ìdí tí n kò fi sọ nìyẹn."

Mo rò pé wàyí ni ìjà yóò bẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kúnlẹ̀. Àgbà bẹ́ẹ̀, fún ẹni tó jẹ́ àna rẹ̀! Ó ní, "Gbé e lọ. Ibi tó o bá mọ̀, gbé e lọ. N kò lè tún sin ẹlòmíràn." Bàbá mi sáré dì í mú ní apá méjèèjì, ó gbé e dìde, ó ní, "Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé."

Ilé ìwòsàn tó wà nígbà náà jìnnà sí wa, ìlú mìíràn ló wà. Bàbá gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó na agboòrùn rẹ̀ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi bo apá náà. Ọ̀nà erùpẹ̀ pupa ni, oòrùn wà ní àtàrí. Bí a bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á sọ̀ kalẹ̀, á máa ti kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú èmi lórí rẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ara mi ń gbóná, ojú mi ń ṣú. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú." Ó tì wá dé orí òkè kan, ó dúró kó lè sinmi, ó sì sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi.

Ó ní, "Èmi náà mọ ọ̀pẹ yẹn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyá rẹ, odò ló ti ń bọ̀, ó gbé apá sókè láti di ìkòkò mú. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí lára rẹ̀ nìyẹn." Ó nu ojú rẹ̀. "Di kẹ̀kẹ́ mú dáadáa."

Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ibẹ̀ títí a fi débẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà mí yí padà. Kì í ṣe ẹ̀rù bàbá mi mọ́. Ẹ̀rù pé kí n má lọ kú mọ́ ọn lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ni.

Ọkùnrin tó ń ṣètọ́jú níbẹ̀ kò bá wa fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ó tú ọyún inú rẹ̀ jáde, ó gún mi ní abẹ́rẹ́. Ó pe bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Ó ní bí ó bá pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ kò ní í jẹ́ ti awọ ara mọ́, ti apá ni. Ó ní a kò tíì bọ́ nínú ewu, kí a máa retí. A wọ̀ sílé ẹnì kan tí bàbá mi mọ̀ ní ìlú náà, wọ́n ń gún mi ní abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Bàbá mi, tí n kò rí kó jókòó tì mí rí, ó jókòó tì mí. Fìlà rẹ̀ ló fi ń fẹ́ mi. Bí mo bá lajú, mo máa ń rí ètè rẹ̀ tó ń mì, àdúrà ló ń gbà.

Nígbà tó yá, wíwú náà rọlẹ̀. Mo ní ebi ń pa mí. Bàbá mi jáde síta lójijì, nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní erùpẹ̀ ló kó sí i.

Wọ́n sún ìgbéyàwó wa síwájú. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ká tó délé, ilẹ̀ ń ta sánsán, òfì Ìyá Àgbà sì ti ń dún. Apá mi jinná, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí egbò bá jinná, àpá kò lè jinná. Igi ọ̀pẹ dúdú, ó dára. Imọ̀ apá òsì tàn, ó hàn kedere. Ti ọ̀tún lọ́ pọ̀, ó wú ní bọrọgidi, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wò ó. Bó ṣe wà láti ìgbà náà nìyẹn. Mo máa ń fi ọwọ́ bò ó bí mo bá ń lọ sódò, nítorí mo mọ orin tí àwọn ìyàwó ilé Sámúẹ́lì yóò kọ.

Ó kù díẹ̀ ká ṣe ìgbéyàwó ni Baba Olóòlà dé. Ó ti gbọ́ ní Òkè-Ìlá. Ó tiro wọ inú ọgbà, ó jókòó, ó gba apá mi, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú àpá náà síwá sẹ́yìn. Bàbá mi wà níbẹ̀, ó wá bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Baba Olóòlà ní, "Mo lè tún un fín. Òjò ti dé, ara ti tutù, kò ní í pẹ́ jinná. Ìyàwó kò yẹ kó gbé iṣẹ́ tó bàjẹ́ wọlé ọkọ." Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Iṣẹ́ ọwọ́ èmi náà ni. Kì í jẹ́ kí n sùn."

Ìyá Àgbà wò mí, ó ní, "Ẹnu rẹ ni mò ń wò, Àbẹ̀jẹ́." Mo wo bàbá mi, ó gbé ojú sílẹ̀. Mo rò ó pé bí mo bá ní kó fín in, n ó ní ọ̀pẹ ìyá mi bó ṣe yẹ. Bí mo bá ní kó má fín in, ẹni tó rìn láti Òkè-Ìlá pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ni mo lé padà yìí.

Mo kúnlẹ̀ síwájú Baba Olóòlà, mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ó ti tó bẹ́ẹ̀."

Ó mi orí pé ó ti gbọ́. Ó wé àwọn abẹ rẹ̀ sínú awọ, ó so ó, ó fẹ́ dìde. Láti ọjọ́ náà, kò sí olóòlà tó tún mú abẹ wọ agbo ilé wa wá. Àwọn ọmọbìnrin tó tẹ̀lé mi lọ sílé ọkọ pẹ̀lú ara tó ń dán bọ̀rọ́. Èmi ni mo kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe máa ń lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀, kò sẹ́ni tó sunkún rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Baba Olóòlà kò tíì lọ lọ́jọ́ yẹn. Bàbá mi, alàgbà ìjọ, ẹni tí kì í kí olóòlà bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ẹ má tíì lọ, Bàbá. Iyán wà nílẹ̀." Ó gbé omi wá fúnra rẹ̀, ó dà á sí i lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì jẹun nínú àwo kan. Èmi ni mo gbé ọbẹ̀ wá, mo sì gbàgbé láti fi ọwọ́ bo apá. Bàbá mi wò ó. Ó gbé òkèlè mì, ó tún un wò.

Ó ní, "Ọ̀pẹ ìyá rẹ dúró ṣánṣán. Tìrẹ yìí, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ."

Baba Olóòlà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ kúrò lórí òfì, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.